Etí Plásmà Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ máa dá irú iná tó ń jó nínú oòrùn lórí ilẹ̀ ayé, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni bí yóò ti gbóná tó. Èsì rẹ̀ ni pé yóò gbóná dé nǹkan bí 150 mílíọ̀nù dígírì, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́wàá ti àárín oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹnu a ya onítọ̀hún, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ó pẹ́ tí ìbéèrè yẹn ti kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá oyè másításì mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó fún mi pé kí n tú palẹ̀ kò ti àárín plásmà, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí iná yìí ń jó nínú rẹ̀, wá rárá. Etí rẹ̀ ló ti wá, níbi tí ooru ti rẹlẹ̀ débi tí a fi lè ti ọ̀pá irin tín-ínrín bọ̀ ọ́, kí a sì fà á padà kí ó tó yọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ibi tí plásmà parí sí gan-an ni wọ́n ti ń pinnu bóyá iná yìí yóò jó tàbí kò ní jó, àti pé ìṣòro tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti jíjò èérún rẹ̀ síta nìkan. A kò fẹ́ kí ó jò, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ má jò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà ní ṣókí. Tokamak ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Soviet ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí Igor Tamm àti Andrei Sakharov dá a lábàá ní nǹkan bí ọdún 1950 pé a lè fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ká afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ inú yàrá irin kan tó rí roboto, tó sì ní ihò láàárín. Afẹ́fẹ́ náà ni dìùtéríọ̀mù àti trítíọ̀mù, ẹ̀yà háídírójìn méjì, tó ti gbóná débi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fi yà kúrò lára átọ́ọ̀mù. Ohun tó kù ni plásmà, àpapọ̀ áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kálukú ń lọ lọ́tọ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì lè darí. Èérún kọ̀ọ̀kan a máa pòyì yí ìlà mágínẹ́ẹ̀tì kan ká, òyì náà kì í sábà fẹ̀ ju mílímítà díẹ̀ lọ, a sì máa sáré tẹ̀lé ìlà náà yí yàrá ká láìfara kan ògiri. Bí áyọ́ọ̀nù méjì bá pàdé tí wọ́n sì dà pọ̀, hílíọ̀mù àti niútírọ́ọ̀nù ni wọn yóò dà, pẹ̀lú agbára tó pọ̀ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí lórí fóònù nígbà kan pé, "Ọmọ mi, iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní jó ilé mọ́ yín lórí báyìí?" Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màámi, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ò tó gíráàmù kan." Òótọ́ sì ni. Nínú ITER, tokamak ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Cadarache ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ààyè tí plásmà yóò gbà tó 840 kúbíìkì mítà, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú fi ìlọ́po tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ ki ju ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ lọ. Bí plásmà bá kan ògiri, iná náà ló máa kọ́kọ́ kú. Ògiri nìkan ni yóò fara gbọgbẹ́.

Bó bá jẹ́ pé èérún kọ̀ọ̀kan ń dúró sórí ìlà rẹ̀ lóòótọ́, jíjò ì bá kéré. Wọn a máa kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọlù kan a sì sún èérún sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n fífẹ̀ òyì rẹ̀. Nítorí pé yàrá náà tẹ̀, agbára mágínẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní apá inú ju apá òde lọ, àwọn èérún kan kì í sì lè yí i ká tán. Wọ́n á lọ, wọ́n á kọsẹ̀, wọ́n á padà, ipa ọ̀nà wọn á sì rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tó fẹ̀ ju òyì lásán lọ tó sì mú kí jíjò pọ̀ sí i. Galeev àti Sagdeev ló ṣe ìṣirò yẹn ní Soviet ní òpin àwọn ọdún 1960. Ìṣirò tó gún régé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn ohun tó ń jáde ní ti gidi, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń jò jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà mìíràn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn tó ṣáájú wọn tún ju èyí lọ. David Bohm, onímọ̀ físíìsì, ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940 tó túmọ̀ sí pé bí plásmà bá ṣe ń gbóná sí i ni yóò máa jò sí i, èyí tí ì bá fòpin sí gbogbo ìrètí. Àbájáde ẹ̀rọ T-3 ti Moscow, tí Lev Artsimovich àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé wá síbi àpérò ní Novosibirsk lọ́dún 1968, ló tú ẹ̀rù náà ká, nítorí pé T-3 di ooru rẹ̀ mú ju bí ìlànà Bohm ṣe sọ lọ fíìfíì. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ò sì gbà á gbọ́ tán, àfi ìgbà tí ikọ̀ kan láti Culham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ẹ̀rọ lésà wọn lọ sí Moscow lọ́dún 1969, tí wọ́n wọn ooru náà fúnra wọn.

Ohun tó ń fa jíjò tó kọjá ìṣirò ni rúdurùdu. Plásmà kì í dúró jẹ́ẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí àárín rẹ̀ bá gbóná tó sì ki, tí etí rẹ̀ sì tutù tó fúyẹ́, ìyàtọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ìjì kéékèèké tí ń gbé èérún kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn.

Ìjì yìí ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó fún mi. Ọ̀pá Langmuir ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbà á: ṣóńṣó irin kékeré kan tí wọ́n fún ní iná mànàmáná òdì kí ó lè fa áyọ́ọ̀nù mọ́ra, tí ìṣàn iná tó bá gba ara rẹ̀ kọjá á sì sọ bí plásmà ṣe ki tó níbẹ̀. Ẹni tó bá ń retí ìlà tó ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sókè sísàlẹ̀ kò ní rí i. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni ìlà kan tó lọ pẹrẹsẹ, tó kàn ń mì díẹ̀, tí ṣóńṣó kan á wá yọ lára rẹ̀ lójijì, tí yóò ga ju ìyókù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iwájú rẹ̀ á dìde ṣánṣán, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìlà á tún dákẹ́. Òmíràn á tún yọ, láìní àkókò pàtó. Bí mo bá ka iye ìgbà tí ìṣàn náà tó ìwọ̀n kan tí mo sì yà á ní àwòrán, apá méjèèjì kì í dọ́gba, ìrù gígùn kan máa ń nà sí apá tó pọ̀. Bí ọ̀pá bá sì ṣe ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ plásmà tó ń sún mọ́ ògiri, bẹ́ẹ̀ ni ìrù náà ń gùn sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní ìtòsí ògiri, plásmà kì í gbé ibẹ̀. Àbẹ̀wò ló máa ń ṣe. Ẹni tó bá fi ìpíndọ́gba nìkan ṣàpèjúwe irú ibẹ̀, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ rárá ló ṣàpèjúwe, mo sì máa ń fura sí ìwé èyíkéyìí tó bá fún wa ní nọ́ńbà kan ṣoṣo pé òun ni ìwọ̀n jíjò ní etí.

Blob ni àwọn oníṣẹ́ ń pe alábẹ̀wò náà. Kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n ó gùn ní ọ̀pọ̀ mítà lórí ìlà mágínẹ́ẹ̀tì. Kámẹ́rà ayára-bí-àṣá tí wọ́n lò lára ẹ̀rọ NSTX ní Princeton àti Alcator C-Mod ní MIT, méjèèjì ní Amẹ́ríkà, ti yà wọ́n láwòrán bí wọ́n ṣe ń já kúrò lára plásmà tí wọ́n sì ń lọ síta. Àlàyé tí Sergei Krasheninnikov ṣe lọ́dún 2001 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé kò gba ju ìlà mẹ́ta lọ lórí pátákó. Pápá mágínẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ máa ń sún áyọ́ọ̀nù lọ sí apá kan, bóyá òkè, a sì sún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ sísàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, orí blob á ní iná rere, ìdí rẹ̀ á ní iná òdì, pápá iná mànàmáná á sì la àárín rẹ̀ kọjá. Níbi tí pápá iná bá ti dábùú pápá mágínẹ́ẹ̀tì, gbogbo èérún tó wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ áyọ́ọ̀nù, ì báà jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ni yóò jọ gbéra lọ sí apá kan náà, apá yẹn sì ni òde, lọ́dọ̀ ògiri. Eré rẹ̀ lè tó kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí ẹni tó tì í. Títẹ̀ tí yàrá náà tẹ̀ ló tì í.

Ipá kan náà ló ń da iṣẹ́ àwọn tó ń bọ́ plásmà rú. Bí wọ́n bá fẹ́ fi epo kún un, wọ́n lè fẹ́ gáàsì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ ńlá gáàsì yẹn á ti di áyọ́ọ̀nù ní etí kí ó tó rìn jìnnà. Nítorí náà wọ́n máa ń sọ dìùtéríọ̀mù di yìnyín, wọ́n á sì yìn ín wọlé bí ọta ìbọn. Nígbà tí wọ́n ń yìn ín láti òde, èéfín tó ń jáde lára yìnyín náà máa ń padà síta, nítorí òun náà ti di òṣùṣù plásmà tí títẹ̀ pápá ń tì. Ní ASDEX Upgrade, tokamak kan ní Jámánì, lọ́dún 1997, wọ́n fi hàn pé bí wọ́n bá yìn ín láti apá inú, ipá tó ń gbé e síta tẹ́lẹ̀ á wá gbé e lọ sí àárín. Ọ̀tá di alábàárù láìgba kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan ọjọ́ kan nínú ìtàn iṣẹ́ yìí tí ǹ bá fẹ́ wà níbẹ̀, ọdún 1982 ni màá lọ, sí ASDEX ní Garching lẹ́bàá Munich ní Jámánì. Friedrich Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìtànṣán átọ́ọ̀mù mú plásmà gbóná. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà náà ni pé bí a bá ṣe ń fi agbára kún un ni jíjò ń pọ̀ sí i. Nígbà tí agbára náà kọjá ìwọ̀n kan, ìmọ́lẹ̀ tí háídírójìn máa ń tàn níbi tí èérún ti ń jáde já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, plásmà bẹ̀rẹ̀ sí í ki sí i, àkókò tó fi ń di agbára rẹ̀ mú sì di nǹkan bí ìlọ́po méjì. H-mode ni wọ́n sọ ipò tuntun yìí. Ìyípadà náà kì í gbà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ kò sì kọjá awẹ́ kan tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré ní etí. Nínú awẹ́ yẹn, pápá iná mànàmáná a máa yí padà kíákíá láti mílímítà kan sí èkejì, èyí tó ń mú kí plásmà máa ṣàn ní eré tó yàtọ̀ síra, tí ìjì kéékèèké yẹn á sì fàya kí wọ́n tó lè gbé ẹrù wọn jìnnà. Biglari, Diamond àti Terry ló kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1990, ní àkókò tí àwọn ará tokamak DIII-D ní San Diego àti JFT-2M ní Japan ń wọn pápá náà gan-an.

Ayọ̀ rẹ̀ kò pẹ́ kí ìṣòro tó dé. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé asẹ́ tó dára a máa jẹ́ kí ògì lọ, a sì dá èérí dúró. Asẹ́ tí a nílò ní etí plásmà le ju ìyẹn lọ: kí ó di dìùtéríọ̀mù àti trítíọ̀mù mú, kí ó jẹ́ kí hílíọ̀mù tí í ṣe eérú iná náà jáde, kí ó sì dá ohunkóhun tó bá ta láti ara ògiri padà sẹ́yìn. Èyí tí H-mode fún wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń di gbogbo rẹ̀ mú pọ̀, ó sì ń di èyí tí a kò fẹ́ mú ju èyí tí a fẹ́ lọ, nítorí pé níbi tí rúdurùdu bá ti rọlẹ̀, ìkọlù lásán ló kù, ìkọlù a sì máa ti áyọ́ọ̀nù wíwúwo lọ sí ibi tí plásmà ti ki jù. Tungsten, irin wíwúwo tí wọ́n fi ń ṣe ògiri, ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 74. Kódà ní ooru àárín ITER, gbogbo wọn kò ní já kúrò lára rẹ̀ tán, àwọn tó kù á sì máa tan ìtànṣán tó ń gbé agbára jáde. Bí ẹyọ kan bá bọ́ sáàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó tó láti pa iná náà. H-mode tí kò jò rárá ti wáyé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ìdọ̀tí a máa kó jọ sínú rẹ̀ títí plásmà á fi tutù tí yóò sì fọ́.

Plásmà fúnra rẹ̀ máa ń wá ọ̀nà àbáyọ, ọ̀nà náà sì burú. Bí ìfúnpá bá ti ga jù ní awẹ́ etí náà, yóò bẹ́, yóò tu èérún àti ooru síta láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. ELM ni wọ́n ń pe bíbẹ́ náà. Ó ń fọ tungsten kúrò, èyí dára. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tó tóbi tó ITER, èyí tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan lè yọ́ ògiri. Ní JET, tokamak ńlá kan ní Culham, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí etí abala tungsten kan yọ sókè díẹ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ELM sì ń yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan díẹ̀, bẹ́ẹ̀ tungsten kì í yọ́ àfi bí ooru bá ju 3,400 dígírì lọ.

Èérún tó bá sì jáde kò tíì lọ. Bí ó bá kan ògiri, yóò gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà, yóò di átọ́ọ̀mù, yóò sì ta padà sínú plásmà, níbi tí yóò ti tún di áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí ògiri bá ti kún, iye tó ń padà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú iye tó ń lọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èérún ti lọ sí ògiri tó sì ti bọ̀ láìmọye ìgbà. Ògiri pẹ̀lú máa ń gba tirẹ̀. Nígbà tí ti JET jẹ́ kábọ́ọ̀nù, trítíọ̀mù tó há sínú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n fi trítíọ̀mù ṣe lọ́dún 1997 pọ̀ ju ohun tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá lè gbà láyè lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n fi beryllium àti tungsten rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2011, èyí tó ń há dín ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ. Nínú ohun èlò ọ̀wọ́n tí ìdajì rẹ̀ ń bàjẹ́ ní gbogbo ọdún méjìlá, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ti ooru ni mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Èérún tó bá ti kọjá ààlà plásmà á bọ́ sórí ìlà tó lọ sí ìsàlẹ̀ yàrá, sí ibi tí wọ́n ń pè ní divertor, yóò sì débẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀nà tó gbà tín-ínrín. Thomas Eich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwọ̀n rẹ̀ jọ láti ara ọ̀pọ̀ tokamak, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2013: bí a bá fi ṣírò ti ITER, fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mílímítà kan lọ. Kò sí irin tó lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ lójú kan, nítorí náà wọ́n máa ń fẹ́ náítírójìn tàbí nẹ́ọ́ọ̀nù síbẹ̀ kí ó lè tan agbára náà ká kí ó tó kan irin. Ìdọ̀tí tí a ń lé ní àárín la fi ọwọ́ ara wa bù sí ìsàlẹ̀.

Ní DIII-D, Todd Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde lọ́dún 2004 pé bí wọ́n bá fi wáyà díẹ̀ da pápá mágínẹ́ẹ̀tì etí rú níwọ̀nba, ELM á dáwọ́ dúró. Plásmà kì í sì ki tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé èérún ń jáde jẹ́jẹ́. Wọ́n lu ihò sára ìdènà H-mode tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ wá, ITER náà sì ti ṣètò irú wáyà bẹ́ẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ohun tó tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i ni pé lọ́dún 2024 ni ITER kéde ètò tuntun tó fi tungsten dípò beryllium lára gbogbo ògiri tó kọjú sí plásmà.

Àwọn kan ti wá ń béèrè bóyá ó yẹ ká wá H-mode rárá. Bí a bá gé plásmà tokamak ní ìdábùú, ó máa ń rí bíi lẹ́tà D tí ikùn rẹ̀ kọjú síta. Ní tokamak TCV ní Lausanne lórílẹ̀-èdè Switzerland, wọ́n yí D náà padà kí ikùn rẹ̀ kọjú sínú. DIII-D náà ya àkókò sọ́tọ̀ fún un lọ́dún 2023. Awẹ́ tí ìfúnpá ti ń ga yẹn kì í dìde ní etí, kódà bí agbára pọ̀, nítorí náà kò sí ELM. Síbẹ̀ àárín rẹ̀ ń di ooru mú tó ti H-mode. Ó wù mí púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tó kéré sí JET ni wọ́n ti dán an wò jù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ jáde nípa rẹ̀, èyí tí mo kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbà ní TCV nítòsí ògiri: ìlà náà lọ pẹrẹsẹ, ṣóńṣó tó ń yọ lára rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti D tó kọjú síta.